Fídíò ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, tẹlifíṣàn kọ̀ ọ́: ibo ni mo ti ṣì í nínú encode (fífún fídíò pọ̀ sínú fáìlì) yìí?

Àdìsá_K | Ọjọ́ Ajé, 7:42 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Ẹ gbà mí kí n tó ba ohun tí mo ní jẹ́.

Èmi ni mo ya fídíò ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin. 4K ni kámẹ́rà náà ń yà, MOV ló ń kó jáde, gbogbo ohun tó wà nínú káàdì lé ní 180 GB. Nígbà tí mo gé e tán, ó ku wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 5. Fáìlì kan ṣoṣo ni mo ń wá: èyí tí màmá wa á fi fúláàṣì wò lórí tẹlifíṣàn wọn tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, tí ìyàwó tuntun á wò lórí fóònù, tí èmi náà á wò lórí kọ̀ǹpútà.

HandBrake, ètò tó ń fún fídíò pọ̀, ni mo kọ́kọ́ lò. Mo yan H.265 10-bit (H.265 jẹ́ codec, ìyẹn ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò), mo fi RF, nọ́ńbà tó jẹ́ pé bó ṣe ń kéré sí i ni àwòrán ń dára sí i, sí 18. Kọ̀ǹpútà mi gbóná láti alẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Fóònù gbà á. Tẹlifíṣàn màmá ní òun ò mọ irú fáìlì yẹn rí. Mo gbé RF wá sí 14, mo ní bóyá àwòrán náà ni kò dára tó lójú rẹ̀. (Ẹ má rẹ́rìn-ín.) Ó tún kọ̀. Mo wá fi FFmpeg, ètò míì tí à ń kọ àṣẹ fún, ṣe H.264, codec tó ṣáájú H.265, torí gbogbo ènìyàn ló ní kò sílé tí H.264 ò lè wọ̀. Ìyẹn náà kọ̀! Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa?

Ẹyẹ_Òwìwí | 7:58 àárọ̀

Gbé VLC, ètò tó ń ṣí onírúurú fídíò, sórí tẹlifíṣàn, ọ̀rọ̀ parí.

ÌyáÌbejì | 8:20 àárọ̀

Tẹlifíṣàn tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ibo lẹ fẹ́ gbé VLC gbà wọ inú rẹ̀? Ihò fúláàṣì? Àdìsá, má dá Òwìwí lóhùn, òru ni wọ́n máa ń ronú. Dúró de Alágbẹ̀dẹ.

Alágbẹ̀dẹ_Fídíò | 9:05 àárọ̀

Mo ti dé. Àbúrò, ká tó sọ̀rọ̀ púpọ̀, fi MediaInfo, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú fáìlì, ṣí fáìlì H.264 tí tẹlifíṣàn kọ̀ yẹn, kí o kó ohun tó bá sọ wá síbí. Kọ àṣẹ FFmpeg tí o lò mọ́ ọn. Bí tẹlifíṣàn bá kọ H.264, a jẹ́ pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ ò mọ̀ pé o fi síbẹ̀.

Àdìsá_K | 9:31 àárọ̀

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àṣẹ tí mo lò rèé:

`ffmpeg -i igbeyawo.mov -c:v libx264 -crf 18 -c:a copy igbeyawo.mkv`

Ohun tí MediaInfo sì sọ rèé, mo gé e kúrú:

`Format : AVC`
`Format profile : High 4:2:2@L5.1`
`Width : 3 840 pixels`
`Height : 2 160 pixels`
`Frame rate : 25.000 FPS`
`Chroma subsampling : 4:2:2`
`Bit depth : 10 bits`
`Audio : PCM, 24 bits`

Alágbẹ̀dẹ_Fídíò | 10:16 àárọ̀

Ó ti hàn. (AVC tó kọ síbẹ̀, H.264 náà ni.) Orúkọ lásán ni H.264 rẹ fi jọ H.264 tí tẹlifíṣàn mọ̀.

Ohun mẹ́ta ni o pa pọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Bí àwòrán ṣe máa dára tó, CRF ló ń bójú tó ìyẹn (òun náà ni HandBrake ń pè ní RF). Bí encoder ṣe máa fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ tó, preset nìyẹn. Bóyá ṣíìpù inú ẹ̀rọ lè tú u, ìyẹn wà lọ́wọ́ codec, profile (apá codec tí fáìlì náà ń lò), level àti irú píksẹ́lì. Àkọ́kọ́ lò ń yí, ìkẹta ló ń ṣe ọ́. Kódà, ká ní 8-bit ni o fi ṣe é, tí o sì gbé CRF lọ sí 0, ọ̀rọ̀ ì bá tún burú sí i, torí x264 á ṣe fáìlì tí kò pàdánù ohunkóhun, High 4:4:4 Predictive ló sì máa ń fi ṣe é. Tẹlifíṣàn ilé wo ló mọ ìyẹn?

Wo ìlà kejì nínú ohun tí o kó wá: High 4:2:2. Kámẹ́rà rẹ ló ń ya 10-bit 4:2:2. O ò sọ fún FFmpeg pé kó yí i padà, ó sì fi í sílẹ̀ bó ṣe bá a. Nínú 4:2:0, píksẹ́lì 4 ló ń pín ìsọfúnni àwọ̀ kan ṣoṣo lò. Nínú 4:2:2, píksẹ́lì 2 ló ń pín in. Nígbà tí o bá ń tún àwọ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà, 4:2:2 á gbà ọ́ lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kó o má fi ya fídíò. Ṣùgbọ́n fún wíwò lásán, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lojú wa mú dáadáa ju àwọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí DVD àti Blu-ray fi ń lo 4:2:0. Ohun tí wọ́n sì kọ́ ṣíìpù tẹlifíṣàn ìgbà yẹn nìyẹn: H.264 8-bit, 4:2:0, ó tán.

O lè ní kí ló dé tí kọ̀ǹpútà fi ṣí i. CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, lágbára. Bí ṣíìpù fídíò bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, VLC á ní kí CPU tú u. Tẹlifíṣàn ò ní irú agbára yẹn. Ohun tí wọn ò bá kọ sára ṣíìpù rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, kò lè kọ́ ọ lágbà.

Ó ku level. Ìwọ̀n ẹrù tí ẹ̀rọ lè gbé ni level. 4.0 àti 4.1 gba 1920x1080 pẹ̀lú fírémù 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ fírémù 60, ó di 4.2. 4K ò wọ inú èyíkéyìí àfi láti 5.1 sókè. Tẹlifíṣàn 1080p ayé àtijọ́, 4.1 ni mo máa ń fọkàn sí. Bí ojú tẹlifíṣàn náà bá tiẹ̀ jẹ́ 1080p, kí la fẹ́ fi 4K ṣe níbẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kó o lò nìyí:

`ffmpeg -i igbeyawo.mov -vf scale=1920:-2 -c:v libx264 -preset slow -crf 20 -profile:v high -level 4.1 -refs 4 -maxrate 15M -bufsize 20M -g 50 -pix_fmt yuv420p -c:a aac -b:a 192k -movflags +faststart igbeyawo.mp4`

Má kàn dà á kọ. `-pix_fmt yuv420p` ló ń wo àìsàn rẹ sàn. Preset slow máa ń fẹ́ tọ́ka sí fírémù 5 tó ti kọjá, bẹ́ẹ̀ ìrántí tí level 4.1 fún 1080p ò ju ti fírémù 4 lọ, òun ni mo ṣe kọ `-refs 4`. CRF kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Bí òjò bébà aláràbarà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lórí ọkọ àti ìyàwó, ó lè fò lọ sókè lójijì, fúláàṣì tàbí tẹlifíṣàn ò sì ní bá a. `-maxrate` àti `-bufsize` ni ìjánu rẹ̀. `-g 50` ń fi fírémù tó dá dúró (tí kò gbára lé fírémù míì) sí gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 2, torí fídíò rẹ jẹ́ fírémù 25. Bí x264 bá ṣe tinú ara rẹ̀, ó lè tó 250, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 10, màmá á tẹ bọ́tìnnì ìsáré títí, fídíò á kàn máa fò gìrì. `+faststart` kò kan tẹlifíṣàn. Ó ń gbé àtòjọ inú fáìlì wá síwájú kí fídíò lè bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìdúró kí gbogbo rẹ̀ wọlé.

Ohùn náà ńkọ́? PCM (ohùn tí wọn ò fún pọ̀) tí o dà kọ yẹn, bí tẹlifíṣàn bá tiẹ̀ gba àwòrán, ó ṣeé ṣe kó yadi. AAC, ohùn tí a fún pọ̀, ni kó o fi sí i. Kó o sì lo MP4. Àpótí lásán ni MP4 àti MKV, kò sí èyí tó ń mú àwòrán dára ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọn kì í ṣí àpótí MKV rárá.

Má tíì ṣe gbogbo wákàtí 2. Fi `-ss 00:48:00 -t 60` síwájú `-i`, kí o yan ibi tó le jù: ibi ijó, ibi tí iná ti ń ṣẹ́jú, ibi tó ṣókùnkùn. Ìṣẹ́jú kan náà ni kó o gbé lọ sọ́dọ̀ màmá.

Ajíbọ́lá77 | 11:40 àárọ̀

Alágbẹ̀dẹ, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n H.264, ní ayé ìsinsìnyí? 2003 ló ti jáde. H.265 ti wà láti 2013, AV1, codec tó tún tuntun jù wọ́n lọ, láti 2018. Àwòrán kan náà, H.265 lè fi nǹkan bí ìdajì ààyè gbé e. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ kí ọmọ yìí fi ààyè ṣòfò nítorí tẹlifíṣàn kan ṣoṣo?

ÌyáÌbejì | 12:02 ọ̀sán

Nítorí màmá rẹ̀ ló ni tẹlifíṣàn kan ṣoṣo náà.

Ajíbọ́lá77 | 12:09 ọ̀sán

Mo gbà. Mo gbà fún màmá. Ṣùgbọ́n kò burú kí ó ṣe méjì: H.264 fún màmá, AV1 fún ara rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Fídíò | 12:50 ọ̀sán

Méjì ò burú. Èmi ò bá H.265 jà, òun ni mo fi ń tọ́jú 4K tèmi, torí pé 10-bit rẹ̀ wà nínú profile Main 10 tí ọ̀pọ̀ ṣíìpù tó mọ H.265 mọ̀ dáadáa. Nínú H.264, 10-bit ò rí irú ojúure bẹ́ẹ̀. Fóònù ìyàwó tuntun ni kó o wò kó tó di pé o lérí AV1, Ajíbọ́lá. iPhone ń gba H.265 láti iOS 11, 2017 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣíìpù tó ń tú AV1, orí iPhone 15 Pro ní 2023 ló ti kọ́kọ́ dé. Bí ṣíìpù ò bá sí, CPU ló máa ṣe é, bátìrì á sì mọ̀ ọ́n lára. 

Àdìsá, bó o bá padà ṣe H.265 sínú MP4 pẹ̀lú FFmpeg, fi `-tag:v hvc1` sí i. Bó o bá gbàgbé, hev1 ló máa kọ síbẹ̀, ẹ̀rọ míì tó mọ H.265 lè ṣí i, ṣùgbọ́n ètò Apple fúnra rẹ̀ ò ní gbà á, wàá rò pé fídíò ti bàjẹ́.

Má sì fi nọ́ńbà CRF ti H.264 wé ti H.265. x264 ń bẹ̀rẹ̀ láti 23, x265 láti 28, oníkálùkù ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. RF 14 tí o fi ṣe H.265 yẹn, àánú kọ̀ǹpútà rẹ ṣe mí.

Ẹyẹ_Òwìwí | 1:15 ọ̀sán

Èmi ní ìbéèrè gidi báyìí, ẹ má lé mi. Káàdì àwòrán mi ní NVENC, ṣíìpù tó ń ṣe encode fúnra rẹ̀. Ohun tí CPU fi wákàtí mẹ́fà ṣe, NVENC á parí rẹ̀ kí n tó wẹ̀ tán. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi ń lo CPU mọ́?

Alágbẹ̀dẹ_Fídíò | 1:33 ọ̀sán

Iyára ni wọ́n ṣe é fún. Tó bá jẹ́ fídíò tó ń lọ tààrà sórí afẹ́fẹ́, tàbí ohun tí o fẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan kó o pa á rẹ́, lò ó, mi ò ní bá ọ wí. Ṣùgbọ́n kí àwòrán rẹ̀ tó bá ti x264 slow dọ́gba, fáìlì rẹ̀ sábà máa ń tóbi ju tiẹ̀ lọ. Ìgbéyàwó, ẹ̀ẹ̀kan la ó ṣe encode rẹ̀, a ó máa wò ó fún ogún ọdún. Jẹ́ kí CPU làágùn lóru kan. Má sì kọjá slower, o. Veryslow àti placebo, àkókò tí wọ́n ń gbà pọ̀ ju ohun tí ojú rẹ máa rí lọ.

ÌyáÌbejì | 2:40 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ "ogún ọdún" yẹn ló mú kí n padà wá.

Èmi ni mo gbé àwọn téépù ilé wa wọ kọ̀ǹpútà, 720x576, fírémù 25. Nígbà yẹn, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ wọ inú CD, 700 MB, kí fíìmù kan tó pari. Mo fún wọn pọ̀ títí wọ́n fi wọ̀ ọ́. Téépù jẹ́ àwòrán onílà-ìlà, ìlà kan yẹ̀ fún èkejì. Mi ò mọ̀. Mo dín ìwọ̀n rẹ̀ kù láìkọ́kọ́ tú àwọn ìlà náà, àwòrán wá di bí ẹni fi òòyà ya ojú àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni mo pa àwọn fáìlì àkọ́kọ́ tó jáde látinú téépù (DV) rẹ́ torí díìsìkì kún. Téépù fúnra wọn ti hu. Lónìí, bí mo bá wò ó lórí tẹlifíṣàn ńlá, ibi tó ṣókùnkùn kàn jẹ́ àpótí àpótí. Ọmọ mi tó ń rìn fún ìgbà àkọ́kọ́ rèé o, bíi bíríkì tó ń rìn.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé bwdif tàbí yadif, àwọn àsẹ́ inú FFmpeg tó ń tú ìlà, ni ǹ bá fi tú u, kí fírémù 25 di 50, kí ìrìn náà lè lọ geerege. Ìmọ̀ yẹn ò wúlò fún téépù tó ti hu.

Àdìsá, 180 GB yẹn, má fọwọ́ kàn án. Fi sórí díìsìkì méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú èkejì. Ohun tí o fún pọ̀, o lè tún un ṣe. Ohun tí o pa rẹ́ ńkọ́?

Àdìsá_K | 4:18 ìrọ̀lẹ́

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Díìsìkì kejì ti ń gba ẹrù bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ: ÌṢẸ́JÚ KAN NÁÀ ṢIṢẸ́! Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ màmá, mo ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, àwòrán jáde, ohùn jáde. Ibì kan ṣoṣo ni mi ò fẹ́ràn. Ògiri tó wà lẹ́yìn ọkọ àti ìyàwó, tí iná rọra ń ṣú lára rẹ̀, ó di ìlà ìlà bí ọ̀nà tí wọ́n gé sára òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ti kámẹ́rà.

Alágbẹ̀dẹ_Fídíò | 4:55 ìrọ̀lẹ́

10-bit tó di 8-bit nìyẹn. 10-bit ní ìpele 1024 fún ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 8-bit ní 256, ògiri tó ń ṣú díẹ̀díẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Fi `-aq-mode 3` sí àṣẹ yẹn, ó máa jẹ́ kí x264 ná owó sí ibi tó ṣókùnkùn ju bó ṣe ń ná tẹ́lẹ̀ lọ. Bí o bá sì rí i pé ó ṣì kù, gbé CRF wá sí 18, ìyẹn níbi tí CRF ti wúlò. Ọgbọ́n àtijọ́ kan náà ni kí o fi ìyanrìn díẹ̀ sórí àwòrán (`noise=alls=4:allf=t`, lẹ́yìn scale), ojú ò ní rí ìlà mọ́. Ṣùgbọ́n ìyanrìn máa ń jẹ ààyè o, kò sí ohun tí encoder kórìíra tó o, torí kò sí fírémù méjì tí ìyanrìn rẹ̀ jọra.

Ọmọ_Ìyá_Kan | 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà sínú ọ̀rọ̀ yín díẹ̀. Tèmi ṣí lórí tẹlifíṣàn, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ rí bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ nígbà àìmọye. Fóònù ni mo fi yà á. Lórí fóònù ó ń tàn yanran.

Alágbẹ̀dẹ_Fídíò | 5:41 ìrọ̀lẹ́

HDR ló yà, ìyẹn fídíò tí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wo MediaInfo, wàá rí BT.2020 àti HLG tàbí PQ níbẹ̀, àmì HDR nìyẹn. Tẹlifíṣàn rẹ ò mọ̀ ọ́n, ó ń kà á bíi BT.709, òṣùwọ̀n àwọ̀ àtijọ́. Yálà o pa HDR lórí kámẹ́rà fóònù kó o tó yà, tàbí o ṣe tone mapping (yíyí ìmọ́lẹ̀ HDR sí ti àtijọ́) kó o tó encode. Kí o kàn yí i sí 8-bit nìkan kò tó, àwọ̀ náà á ṣì rí bẹ́ẹ̀. Wo frame rate pẹ̀lú: fóònù máa ń ya fírémù tí kò dọ́gba, bí MediaInfo bá kọ Variable, fi `-vf fps=30` sọ ọ́ dọ́gba, kí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ má báa yàtọ̀ sí ohùn rẹ̀ nígbà tó o bá ń gé e.

Àdìsá_K | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Gbogbo rẹ̀ parí lóru. CRF 20 pẹ̀lú aq-mode 3, ògiri ti dán. Ṣùgbọ́n ẹ wo tuntun: 6.3 GB ni fáìlì náà, fúláàṣì mi jẹ́ 32 GB, òfìfo ni. Kọ̀ǹpútà ní fáìlì náà tóbi jù. Tóbi ju kí ni? Mi ò lóye.

Ajíbọ́lá77 | 7:05 àárọ̀

Hmm. Ká ní H.265 ni...

ÌyáÌbejì | 7:06 àárọ̀

Ajíbọ́lá!

FAT32 nìyẹn, ọmọ mi, ìyẹn ọ̀nà tí fúláàṣì rẹ gbà ń to fáìlì. Fúláàṣì lè gba 32 GB, ṣùgbọ́n FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GiB. O lè tún fúláàṣì náà ṣe sí exFAT, àmọ́ tẹlifíṣàn tó ti pẹ́ báyìí, ó ṣeé ṣe kó má mọ exFAT. Dán an wò, kò ná ọ ní nǹkan.

Àdìsá_K | 7:44 àárọ̀

Mo ti dán an wò. Tẹlifíṣàn ní kò sí fúláàṣì lára òun.

Ajíbọ́lá77 | 8:00 àárọ̀

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n ṣe ohun rere lónìí. Ìṣirò rèé. 4 GiB jẹ́ bíìtì bílíọ̀nù 34.36. Fídíò rẹ jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 5, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 7500. Pín in: 4.58 Mbps (mílíọ̀nù bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Yọ ohùn 192 kbps kúrò, ó ku bí 4.39. Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àpótí fúnra rẹ̀, pè é ní 4200k. Yọ CRF kúrò nínú àṣẹ, fi `-b:v 4200k` rọ́pò rẹ̀, kí o ṣe é ní ìgbà méjì, `-pass 1` kí o tó ṣe `-pass 2`. Ìgbà àkọ́kọ́ á kàn wo ibi tó le àti ibi tó rọ̀, ìgbà kejì á pín ààyè náà bó ṣe yẹ. Fáìlì á wọ inú fúláàṣì láìsí àníàní.

Alágbẹ̀dẹ_Fídíò | 8:32 àárọ̀

Ìṣirò yẹn pé pérépéré, Ajíbọ́lá, o káre. Síbẹ̀ mi ò ní ṣe é. CRF 20 ti sọ fún wa pé fídíò yìí fẹ́ nǹkan bí 6.7 Mbps kó tó lè rí bó ṣe rí. Bó o bá fún un ní 4.2, ibi ìjókòó á dára, ibi ijó á jìyà. Bó bá jẹ́ dandan kó wà nínú fáìlì kan, ǹ bá gbé e wá sí 1280x720, torí 720p tó yó sàn ju 1080p tí ebi ń pa.

Ṣùgbọ́n kò di dandan. Gé e sí méjì:

`ffmpeg -i igbeyawo.mp4 -t 01:02:00 -c copy apa1.mp4`
`ffmpeg -ss 01:02:00 -i igbeyawo.mp4 -c copy apa2.mp4`

`-c copy` kò fún nǹkan kan pọ̀ mọ́, kò sí ohun tó máa bàjẹ́, kò sì ní tó ìṣẹ́jú méjì. Apá kejì á bẹ̀rẹ̀ láti fírémù tó dá dúró tó sún mọ́ ibi tí o ní kó gé. `-g 50` tí a fi sí i níjẹta ló jẹ́ kí ó má lè yẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ. Wá ibi tí ojú àwòrán ti ṣú díẹ̀ kó o gé e síbẹ̀. 6.3 GB tí wọ́n pín sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á wà ní àyíká 3 GB.

Ẹyẹ_Òwìwí | 8:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, "níjẹta"? Àná ni.

Alágbẹ̀dẹ_Fídíò | 8:41 àárọ̀

Ó rí bí ìjẹta lára mi.

Ajíbọ́lá77 | 9:10 àárọ̀

Mo fara mọ́ gígé náà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì juwọ́ sílẹ̀ lórí èyí tí ó máa fi pamọ́ fún ara rẹ̀ o. Àdìsá, nígbà tí ara kọ̀ǹpútà bá balẹ̀, lo SVT-AV1, encoder AV1 kan, lórí ìṣẹ́jú kan náà tó o fi dán ti màmá wò, 10-bit, 4K. Fi ògiri yẹn wé ti H.264. Kó o padà wá sọ ohun tó o rí.

Alágbẹ̀dẹ_Fídíò | 9:25 àárọ̀

Kó ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà fẹ́ rí i.

Àdìsá_K | Ọjọ́bọ̀, 9:14 alẹ́

Mo padà dé. Apá 1 àti apá 2 wà lórí fúláàṣì, FAT32, tẹlifíṣàn gba méjèèjì. Bọ́tìnnì ìsáré ń ṣiṣẹ́, màmá sáré kọjá gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà sọ. Ìyàwó tuntun wo MP4 kan náà lórí fóònù láìsí wàhálà. Ajíbọ́lá, mo ṣe AV1 náà. Ògiri yẹn mọ́ gedegbe, mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi ń fò gìrì bó ṣe ń fi í hàn, ṣíìpù mi ò mọ̀ ọ́n. H.265 10-bit ni mo fi pamọ́, pẹ̀lú hvc1.

Ẹjọ́ kan ló kù. Màmá wò ó dé òpin, wọ́n ní àwòrán dára, ohùn dára, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn ti jó, àwọn ò rí i. Èmi ni mo gé e kúrò.

Ẹyẹ_Òwìwí | 9:20 alẹ́

Ìyẹn ò sí nínú sẹ́tíǹgì o.

ÌyáÌbejì | 9:22 alẹ́

180 GB ṣì wà, àbí?

Àdìsá_K | 9:23 alẹ́

Ó wà, màmá. Mo ti ń wá ijó náà nínú rẹ̀.